Ọtí Ni Mo Fi Rẹ Àgbo Ṣùkúrát

Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, kò fi bò fún mi. Kí n tó kú sí Ìlọrin níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe ní Ṣàngó-Ọ̀tà, torí ẹlòmíràn ló ru ẹ̀bi rẹ̀. Èmi Ọláoyè, ọmọ Ìkirè, ni mo ṣe é.

Nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba fi ni aráàlú lára, lọ́dún 1988, iléeṣẹ́ aṣọ tí mo wà dá púpọ̀ nínú wa dúró lójijì. Ni mo bá ń ta àgbo lẹ́nu géètì ibẹ̀. Ògógóró ni mo fi ń rẹ egbò igi fún àwọn òṣìṣẹ́. Àgbàlagbà nìwọ̀nyẹn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí yà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, mo bù ún fún wọn. Ìkà ni mí, ẹ má pè mí ní nǹkan mìíràn.

Ràfátù tó ń ta ìbòrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú Ṣùkúrát ọmọ rẹ̀ wá. Inú máa ń run ọmọ náà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ó ní, "Bàbá alágbo, kò sí ọtí nínú ẹ̀ o? Ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá."

"Omi lásán ni, Ìyá Ṣùkúrát. Ẹ tọ́ ọ wò."

Obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ó tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀. "Ó korò dé eegun. Oògùn gidi ni." Ló bá gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí inú fi ń run Ṣùkúrát lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé òǹgbẹ ọtí ló ń run ún. Mo ṣáà ń bù ún.

Lọ́jọ́ kan ó ṣubú ní kíláàsì, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó, ló fún un mu, kìkì nítorí pé bàbá Kẹ́hìndé ń ta ẹmu. Ràfátù di Kùránì mú pé àgbo nìkan lọmọ òun ń mu. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá Kẹ́hìndé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Èmi ni mo máa ń sìn ín wá. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀."

Ọ̀gá iléèwé ní, "Bàbá alágbo, kí lẹ fi rẹ ẹ́?"

Mo wo ọmọ náà lójú. "Omi ni. Ọmọ elẹ́mu yìí, n ò rí i rí."

Wọ́n nà án lójú gbogbo iléèwé, wọ́n lé e. Ìdánwò àṣejáde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kejì, Ṣùkúrát wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, a ti bọ́. Ẹ jẹ́ kó kún." Mo jẹ́ kó kún. Nígbà tí ọtí da orí rẹ̀ rú, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, mo kó ẹrù mi, mo sá.

Inú ń bí mi sí ìjọba tó lé wa nídìí iṣẹ́. Inú ń bí mi sí olùkọ́ tó fi iṣẹ́ bàbá dá ọmọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú ife dání.

Kẹ́hìndé, ọmọ Fọláwẹwọ́ elẹ́mu lójú ọ̀nà Ìjókò, bí o bá wà láyé, fi ìwé yìí han àwọn ọmọ rẹ. O ò mutí, o ò fún ẹnikẹ́ni mu. Òótọ́ lo sọ, àgbàlagbà ló purọ́ mọ́ ọ. N ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀ ọ́, síbẹ̀ mo bẹ̀ ọ́.