Tímótì Fá Inú Ìbọn Mi Dán

N ò jókòó, Bàbá Ọmọ́dára, ẹ gbé àpótí yín padà, orí ìdúró ni mo fẹ́ sọ eléyìí, inú tó ń bí mi ò jẹ́ kí ìdí mi balẹ̀. Láti Ìkìrun ni mo ti gbéra, mo gba Ìnísà kọjá níwájú àgbẹ̀dẹ Tímótì gan-an, n ò yà, torí ká ní mo yà ni, ìròyìn mìíràn ni ẹ̀ bá gbọ́ ní Òkukù níbí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀yin ni mo wá bá.

Ṣé irú iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ọ nìyẹn? Kí èèyàn gbé ìbọn fún un pé kó bá òun tún ojú rẹ̀ ṣe, kó lọ tú ìfun rẹ̀ síta?

Ẹ ní ìbọn wo? Èyí tí àbúrò mi Olúrẹ̀mí gbé wá láti Jọ́ọ̀s ni, tó gbà lọ́wọ́ òyìnbó awakùsà tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ìwé ọlọ́pàá rẹ̀ sì pé. Ẹnu ló ti ń gba ẹ̀tù bíi ṣakabùlà tiwa, ọ̀pá náà la fi ń kì í, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ti wá, kì í ṣe àgbẹ̀dẹ, ọta kan ṣoṣo ló sì ń jẹ. Àlébù kan ló ní: ó máa ń fì sọ́tùn-ún bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mo ní kí Tímótì fi òòlù kékeré sún ọmọ irin tó wà létí ẹnu rẹ̀, èyí tí a fi ń fojú sùn, kó tì í sọ́tùn-ún díẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ì bá ṣe tán kí iná ewìrì tó ràn.

Ló bá yọjú wo ihò ìbọn, ó rí ilà. Ilà tó lọ́ yí inú rẹ̀ ká láti ìdí dé ẹnu. Ó ní ó ti dógùn-ún ni. Gbogbo ìbọn tí òun ti rọ láyé òun, inú wọn ń dán bí inú igbá, kí ni tèyí ṣe rí págunpàgun? Ó wá irin, ó wá fáìlì, ó wá yanrìn, ó fá a títí kò fi ku ilà kan. Ó tún ń yọ̀! Ó gbé e fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín wo àrùn tí ẹ ò mọ̀ pé ó ń ṣe é. Kò lè tàsé mọ́ láéláé.”

Ilà yẹn ló ń yí ọta tó fi ń lọ tààrà, Bàbá! Olúrẹ̀mí ló ṣàlàyé fún mi. Bí ọmọ tó kọlà bá wá kí yín, ṣé ẹ ó fi fáìlì fá a lójú ni? Kí ló dé tí kò bi mí? Ṣé ẹnu rẹ̀ wú ni?

Ẹ ní tinútinú ló fi ṣe é? Tinútinú náà ló fi pa ajá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló pa á. Ìmàdò kan ń tú gbágùúdá wa ní Eko Ende. Wọ́n ní ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Eléyìí ti ba oko jẹ́ ná. Àwa àti àwọn ọdẹ Ìbà yí igbó náà ká, wọ́n ní èmi ni kí n dúró lójú ọ̀nà, torí èmi ni mo ní ìbọn òyìnbó. Ẹran jáde sí mi gbangba. Mo fojú sun igbá àyà rẹ̀, mo yìn ín. Ibo lọta lọ? Orí ọ̀pẹ, lápá òsì, imọ̀ já sílẹ̀! Ajá mi, Tanímọ̀la, ti gbà pé ẹran ṣubú, ó sáré bọ́ síwájú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí wọn ò tíì dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ehín ìmàdò la ikùn rẹ̀. Ọwọ́ mi ló kú sí, ó ń wò mí lójú bí ẹni pé èmi ni mo tàn án. Mo sunkún, Bàbá, n ò tijú.

Àwọn ọdẹ Ìbà ń kí mi kú iṣẹ́, pé mo pa ọ̀pẹ. Èmi Oyèdélé, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ!

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ ní ẹ ó rọ ṣakabùlà tuntun fún mi? Ṣé ṣakabùlà ni mo gbé fún un? Ẹ ní kó bá mi kọ ilà ọ̀hún padà? Ta ló mọ̀ ọ́n kọ láti ibí dé Òṣogbo? Rárá. Irin yín nìyí nílẹ̀, mo fẹnu kàn án, ẹ wò mí: iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ ló ti máa sọ ohun tó ṣe.

Ó ní kí ni? Ó ti wá sọ fún yín ṣáájú mi? Pé ìbọn tọ́, ojú mi ló ń ṣe bàìbàì?

Ó dáa. Ẹ bá mi rán sí i. Kó wá bá mi ní Eko Ende, níbi tí mo sin Tanímọ̀la sí. Màá gbé ìbọn tó tún ṣe yẹn, màá fojú sun igi ìrókò tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀gá rẹ̀, ẹ gbà á nímọ̀ràn o, kó má dúró lápá òsì, kó má dúró lápá ọ̀tún, kó má tiẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. Ìrókò yẹn gan-an ni kó fẹ̀yìn tì. Pẹ̀lú irú iṣẹ́ tó ṣe sínú ìbọn yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ọta ò ní dé.