Ilé Ìwé Ìṣègùn Méjì Pe Ọmọ Mi

Ẹni tó bá mọ̀ pé Ọlọ́run kì í kánjú, tí kì í sì í pẹ́, kó jẹ́ n gbọ́ Halelúyà rẹ̀! Ẹ tún un ṣe, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò jẹun àárọ̀. Halelúyà! Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ẹ mọ̀ mí ní Ṣakí yìí. Èmi ni Ìyá Tóyìn, tíṣà. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi yá. Ẹnu tó yá yìí náà ló kó mi sínú wàhálà tí mo fẹ́ jẹ́rìí rẹ̀ lónìí.

Tóyìn ni àkọ́bí mi. Láti kékeré ló ti ń sọ pé òun fẹ́ ṣe dókítà, a rò pé eré ni. Ìdánwò àkọ́kọ́, kò wọlé. Ìkejì, wọ́n fún un ní ìmọ̀ ewéko, ó ní òun ò lọ. Ọdún kẹta ni ilé ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa kọ lẹ́tà pé kó máa bọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ṣé ẹ rántí? Ẹ̀yin náà lẹ bá mi jó. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo ra bísíkíìtì fún gbogbo ọmọ ìjọ, mo dúró síbi tí mo dúró sí yìí, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é, mo sì dárúkọ ilé ìwé náà. Lẹ́tà lásán ni mo dúpẹ́ fún o. A ò tíì san kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà kejì dé. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ni, ní Òkè Ọya, ibi tí èèyàn á fi odindi ọjọ́ kan wọkọ̀ kó tó débẹ̀. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan kan lára ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń gbà á. Téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gba ọ̀kan, èkejì ti lọ nìyẹn, kò sí pé mo ṣì í tẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún wa.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Tí mo bá ro ti Òkè Ọya, ọ̀nà ni mò ń rò, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Tí mo bá ro ti ìtòsí, mo ń rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe ọdún mẹ́ta nílé ìwé olówó gọbọi, tí owó tán, tó sì padà wálé. Ó wà l'Ókèhò báyìí, ó ń gun ọ̀kadà. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò pẹ̀gàn rẹ̀, àmọ́ ọmọ náà ò lè wo ojú wa mọ́. Bàbá Tóyìn ní òun á ta oko kajú tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun l'Ófìkì. Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò jẹun lọ́jọ́ náà. Bí a bá tà á, á gbé wa dé ọdún kejì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìyókù ńkọ́? Mo ń kọ ìṣirò sí pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní, mà, ẹ ti ṣì í.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ojú ló ń tì mí! Mo ti dárúkọ ilé ìwé níwájú pẹpẹ. Mo ní bí mo bá yí i padà, ṣe ni mo sọ Ọlọ́run di òpùrọ́. Ẹ wo irú okùn tí mo fi ọwọ́ ara mi so mọ́ra.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin kan wà, nọ́ọ̀sì ni n'Ísẹ́yìn. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí mo wọlé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, bó ti wù kó kéré. Ó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó wá, ó ní ká lọ fi ojú wa rí ilé ìwé ìtòsí náà. Mi ò fẹ́ lọ. Ẹni tó ti dúpẹ́ tán, kí ló tún fẹ́ lọ wò? Àmọ́ ta ni n ó kọ̀ fún, ọkọ mi?

A lọ, èmi, òun àti Tóyìn. Ha, ibẹ̀ dára. Ilẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri fi yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hàn wá, ọmọ méjì méjì ló wà níbẹ̀. Inú mi ti ń dùn. Mo yíjú, mi ò rí Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó ti lọ sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́. A bá a níbẹ̀, ó dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ funfun báláú ni wọ́n tẹ́ sórí wọn, kò sì sí aláìsàn níbẹ̀ àfi bàbá kan ṣoṣo ní igun. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní àwọn èèyàn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n ni, owó ìtọ́jú sì ga díẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni Ìdílẹ̀kẹ̀ ti yíjú sí mi. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ara aláìsàn la ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ara ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ yín?"

Mo bínú. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ràn ilé ìwòsàn tó kún, kó lọ gba bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Inú mi ni mo ti sọ ọ́ o. Tóyìn ń wo ìta lójú fèrèsé.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ò tàn wá ṣá. Ó pe ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní ilé ìwé Òkè Ọya, ó ní kó sọ òótọ́ fún wa. Ọmọ náà ní aláìsàn kún wọ́ọ̀dù dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé àwọn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá kan, pé àwọn olùkọ́ a sì máa yanṣẹ́ lódì, ọdún mẹ́fà lè di mẹ́jọ. Ẹ̀rù mi wá di méjì. Kò sí èyí tí kò ní ẹ̀gún lára.

Ó ku ọjọ́ méjì, mo lọ bá Pásítọ̀ wa. Mo sunkún. Mo ní mo ti jẹ́rìí, mi ò lè yọwọ́ mọ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán. Wọ́n ní, "Ìyá Tóyìn, ilé ìwé lẹ dúpẹ́ fún ni, àbí ọmọ?" Wọ́n wá bi mí ohun tí Tóyìn fúnra rẹ̀ sọ.

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀! Mo ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti bi Ọlọ́run, mo ti bi ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bi ọ̀gá mi níléèwé. Mi ò bi ọmọ. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ló ń pinnu, ọmọ á ní ẹ ṣé. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Mo bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, bàbá rẹ̀ wà nítòsí. Mo jókòó tì í, mo bi í. Ó ní ohun tí a bá ti fẹ́ ló dára. Bàbá rẹ̀ ní, "Rárá, Tóyìn. Ìwọ là ń bi." Ọmọ náà gbé àtẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ó ní, "Mọ́mì, Òkè Ọya ni mo fẹ́ lọ. Ọjọ́ tí a rí àwọn bẹ́ẹ̀dì yẹn ló dá mi lójú. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti lè mọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti lè parí kí owó tó tán. Ẹ ti jẹ́rìí ni. Mi ò fẹ́ sọ yín di òpùrọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Jésù! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún fẹ́ lọ lo ọdún mẹ́fà níbi tí ọkàn rẹ̀ ò sí, kí ojú má baà ti èmi ìyá rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo sunkún ju òun alára lọ. Mo ní kó dárí jì mí. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ pe ẹni tó fẹ́ ra oko kajú, ó ní kó má bínú. Ẹ yin Olúwa!

Ẹ má rò pé ẹ̀rù tán níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọkọ̀, mo ń pè é títí nẹ́tíwọọ̀kì fi lọ. Láti ọ̀sán, nọ́ńbà rẹ̀ ò wọlé mọ́. Mo jókòó síwájú ilé, mi ò lè gbàdúrà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mò ń pè. Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù tó dún. "Mọ́mì, mo ti débẹ̀." Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ bá mi gbé e ga!

Oṣù kẹta rèé. Lánàá tó pè, ó ní omi ò yọ, òun ń pọn ọ́n láti ìsàlẹ̀, ẹnì kan nínú yàrá wọn sì ń hanrun bí ọkọ̀ agbégẹdú. Mo ní ṣé kí n wá mú un? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa lọ, kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Pásítọ̀, ẹ ṣeun. Ìdílẹ̀kẹ̀, ọkọ mi, mo dúpẹ́. Bàbá Tóyìn, Ọlọ́run á dá yín sí. Olúwa, ọpẹ́ mi ò lè tó. Ìwọ tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tí ọ̀nà méjì wà níwájú ọmọ rẹ, tí oorun ò kun ojú rẹ, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tìrẹ. Gbààwẹ̀, gbàdúrà, má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá délé lónìí, pe ọmọ náà jókòó, bi í, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi sọ tán. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ̀rọ̀. Ọmọ tí Ọlọ́run fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ dá mi lóhùn wà nílé lọ́dọ̀ mi, èmi ló ń bẹ̀rù.