Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Kòkòrò Roboto Lórúkọ

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Kwali bọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá kan fi èsì àyẹ̀wò ọ̀fun ọmọ rẹ̀ han ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ láàbù tó jókòó tì í.

"Kọ́kọ́ọ̀sì náà ni wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó ní eéwo. Oògùn rẹ̀ ṣì kù nílé."

"Mà, kọ́kọ́ọ̀sì ò ju pé kòkòrò náà rí roboto lọ. Ti ẹ̀gbọ́n ṣù jọ bí ìdì ẹyìn, ti àbúrò tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Bí wọ́n ṣe dúró ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ."

"Bí ẹni tó dojú bolẹ̀ wáyé ṣe ń jẹ́ Àjàyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Oògùn ọ̀kan lè má ran èkejì."

"Bí wọ́n ṣe dúró," ìyá náà tún un sọ jẹ́ẹ́. "Mo ti fún un ní ṣíbí méjì láàárọ̀ yìí."