Aṣọ Ìnura Ni Mo Ń Gún Nínú Odó

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ máa ń ka abala yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Àgbàlagbà ni mí. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Ìkéré. Irú mi kọ́ ló yẹ kó máa kọ̀wé síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ẹjọ́ ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kan sí ọmọ mi, mo sì fi pamọ́. Ní ìparí oṣù yìí, wọ́n máa dé ọmọ náà ní fìlà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n mú obìnrin kan dání wá síbẹ̀. Obìnrin náà kò sí. Kò tilẹ̀ sí rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú.

Fúnmiláyọ̀ ni àbíkẹ́yìn mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Èkó àti Àbújá, ìyá wọn sì ti kú. Èmi àti Fúnmi nìkan ló kù nínú ulé. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ dókítà kan tó ní ọsibítù tirẹ̀, irú àwọn tí a ń pè ní ọgisílíárì. Ó mọ abẹ́rẹ́ gún, ó mọ egbò wẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Nọ́ọ̀sì. Òun fúnra rẹ̀ kì í dáhùn tayọ̀tayọ̀. Á ní, "Bàbá, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni nọ́ọ̀sì." Ó ń dùn ún. Ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń di egbò á lọ sí ilé ẹ̀kọ́, á padà dé pẹ̀lú fìlà lórí, á sì ní kí òun sáré lọ bu omi wá.

Ni ó bá padà sídìí ìwé. Físíìsì ló ń dà á láàmú nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á gún iyán fún mi, á wá jókòó ti Físíìsì títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Ó yege. Ó ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan tó jìnnà sí wa, wọ́n sì gbà á. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà, inú ọgbà níbẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé.

Àwọn èèyàn ń bá mi yọ̀. Èmi náà ń yọ̀ lójú wọn. Nínú mi lọ́hùn-ún, ohun tí mo ń bi ara mi ni pé ta ni yóò máa gún iyán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èkìtì ni mí. Kì í sì í ṣe iyán nìkan. Ta ni yóò máa bá mi jiyàn nígbà tí rédíò bá ń sọ ìròyìn? Ta ni yóò máa sọ fún mi pé bọ́tìnnì mi kò bára mu kí n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Fúnmi pẹ́ níbi iṣẹ́. Ebi ń pa mí. Mo se uṣu, mo sì gún un fúnra mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti di ọmọ odó mú kẹ́yìn, mo gún un bí ẹni tó ń bínú. Bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga ni Fúnmi wọlé. Ó ní kí n na apá. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì pariwo.

"Bàbá! Ẹ̀jẹ̀ yín ga! Ta ni màá fi yín tì lọ báyìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. N kò sọ fún un pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnyán ni. Mo kàn fọwọ́ lé àyà, mo sì ní, "Má da ara rẹ láàmú, ọmọ mi. Máa lọ. Ọlọ́run wà." Ẹ mọ bí bàbá ṣe máa ń sọ "máa lọ" tí ọmọ kò fi ní lè lọ.

Láti ọjọ́ náà, mo di òṣìṣẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ pé ó kù díẹ̀ kí Fúnmi dé, mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. N kò lè máa fi uṣu ṣòfò lójoojúmọ́. Bí mo bá sì gún odó lófìfo, gbogbo obìnrin àdúgbò ló máa mọ̀ ọ́n lóhùn. Nítorí náà mo mú aṣọ ìnura àtijọ́ kan, mo rẹ ẹ́ sómi, mo ká a sínú odó, mo sì ń gún un. Ó ń dún bí uyán gan-an. Tí mo bá ti làágùn dáadáa, màá sá aṣọ ìnura náà sórí okùn, màá sáré wọlé, màá da aṣọ bora.

Fúnmi mú mi lọ bá dókítà rẹ̀. Kò sí odó níbẹ̀. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní tèmi dára ju tòun lọ. Kò fún mi lóògùn kankan. Fúnmi kò gbà. Ó ní ohun kan wà nínú ulé tó ń gbé e ga, àfi kí òun wádìí rẹ̀. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Ó gbé iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ mi. Ẹ̀fọ́ láìsí iyọ̀, ẹ̀gúsí láìsí iyọ̀. Mo jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n n kò ronú pìwà dà.

Ọjọ́ ìwọlé wọn dé, ó sì kọjá. Fúnmi kò lọ. Wọ́n fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó tú báàgì rẹ̀ palẹ̀. Ó kàn ń ká aṣọ funfun tó ti rà sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, ó ká a, ó tún un ká. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bú mi. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni mo gbà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo sì fi gbogbo rẹ̀ jẹ iyán.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ìdánwò náà ṣe. Wọ́n tún gbà á. Èmi náà tún rẹ aṣọ ìnura sómi.

Wàyí o, mo ní aládùúgbò kan, Ìyá Ọláìdé. Opó ni, aránṣọ ni, ojú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà. Ògiri kan ló là wá, kò lè rí mi, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ odó. Lójoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ. Òkèlè kan kò sì kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Èmi kò mọ̀ pé ó ti ń bínú. Bí ó bá ti kí mi láàárọ̀, á ní, "Bàbá, uyán yín mà ń dún o! Ṣé ẹ̀ ń yó?" Màá ní a dúpẹ́.

Ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Fúnmi wà níbi iṣẹ́. Bàbá ní àìsàn ń ṣe òun. Ta ló wá ń gúnyán? Ó parí rẹ̀ sí pé mo ti ní obìnrin kan tó ń gba ẹ̀yìn ulé wọlé. Ó sì pe Fúnmi, ó sọ fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fúnmi wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé."

Mo ní, "Fúnmi, dárí jì mí. Èṣù ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èṣù kẹ̀? Ṣé ó burú kí ẹ ní ẹnìkejì ni? Màámi ti lọ tipẹ́. Ìyá Ọláìdé ní ọwọ́ wọn le lórí odó, wọn kì í sì í yẹ ọjọ́ kan. Abájọ tí ẹ̀jẹ̀ yín fi ń ga! Ẹ̀ ń fi wọ́n pamọ́ fún mi, ọkàn yín ń já. Bàbá, ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Mo lè lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ tó ń yọ̀ pé aṣọ ìnura ni mo ń gún? Mo wúkọ́. Ó ka ikọ́ náà sí bẹ́ẹ̀ ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti lọ.

Bí mo ṣe di ẹni tó ní ìyàwó nìyẹn.

Ní gbogbo ìgbà tí Fúnmi bá pè mí lórí fóònù, á ní, "Ẹ bá mi kí Màmá." Màá ní, "Wọ́n ní kí n kí ọ." Bó bá ní kí n gbé fóònù fún wọn, màá ní wọ́n lọ síbi ìsìnkú ní Igbara-Odò. Ìgbà mìíràn, wọ́n lọ kí ọmọ tuntun ní Òde-Èkìtì. Ìgbà mìíràn, wọ́n wà ní Ìjàn. Obìnrin náà rìnrìn àjò ju awakọ̀ lọ. Fúnmi ní, "Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n wá ń rí àyè gúnyán?" Mo tún wúkọ́.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé èmi ni mo ń gún un. Uyán gidi. Mo ń se uṣu mi, mo ń gún un, mo ń jẹ ẹ́. Kò pa mí. Ohun tí mo bẹ̀rù títí tí mo fi di ọmọ mi lọ́wọ́, iṣẹ́ tí mo lè fọwọ́ ara mi ṣe ni.

Fúnmi yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ṣa àwọn tí yóò dúró. Àwọn tó kùnà ti lọ sílé. Àwọn tó yege ni wọ́n fẹ́ dé ní fìlà yìí. Ó fi aṣọ kan rán awakọ̀ sí mi, àdìrẹ aláwọ̀ aró, ó dára púpọ̀. Ó ní ti Màmá ni. Ó ní kí n mú wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọláìdé kó rán an fún wọn, kí wọ́n lè jókòó tì mí lọ́jọ́ náà.

Mo gbé aṣọ lọ. Ìyá Ọláìdé yẹ̀ ẹ́ wò, ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó ní, "Ó yá, níbo ni ẹni tó ni ín wà?"

Mo ní kó ṣáà fojú díwọ̀n rẹ̀.

"Ojú wo, Bàbá? Ṣé mo rí wọn rí ni? Ṣé wọ́n sanra ni, àbí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́?"

Mo ní wọ́n wà láàárín.

"Wọ́n ga bí ta ni?"

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Aṣọ ìnura?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Aṣọ ìnura ni mo ń torí ẹ̀ retí òkèlè lójoojúmọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mú. Ìgbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọdún kan lẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, Bàbá. Èmi náà sì lọ fi ẹnu ara mi ti irọ́ yín lẹ́yìn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ, kó jẹ́ obìnrin náà fún ọjọ́ kan péré. Ó ní láéláé. Ó ní bí òun bá jókòó tì mí níbẹ̀, orúkọ ara òun ni òun máa jẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tí kò sí. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún Fúnmi.

Ibi tó ti le nìyí. Bí Fúnmi bá mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ mi, mo mọ ọmọ mi, ó lè kó ẹrù rẹ̀ padà wá torí mi. Fìlà náà á sì lọ. Èyí tó tún ń tì mí lójú jù ni pé nígbà tí èrò yẹn kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ohun kékeré kan nínú mi dunnú sí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ra mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, ẹ̀yin tí wọ́n bí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un kí wọ́n tó dé e ní fìlà, kí n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má padà wálé? Àbí kí fìlà kọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀ ná? Báwo ni bàbá ṣe ń bẹ ọmọ fún ọdún kan tí kò ṣeé dá padà?

Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Lánàá, mo gbé uyán gidi kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Ọláìdé, òkèlè tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ìgbà yìí wá. Ó gbà á. Àdìrẹ náà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rán an, kò sì bi mí nípa ìwọ̀n mọ́. Mo fojú wo òun fúnra rẹ̀, mo fojú wo aṣọ náà. Ìwọ̀n wọn bára mu.

Ó ní ó ku bọ́tìnnì. Ó ní ọjọ́ tí mo bá pe Fúnmi, tí mo sọ òtítọ́ fún un, ni òun máa tó kàn án.