Pressure Alhaji Sàlísù

[Sàlíhà, tó ń ta oògùn ní Accra, ló fi fóònù pe bàbá rẹ̀, Alhaji Sàlísù, oníbélì aṣọ òkìrìkà ní Ashanti New Town, Kumasi. Ọ̀sán ni. Alhaji wà ní stọ́ọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí kò sí fèrèsé. Fáànù ń ké.]

SÀLÍHÀ: Sàláàmù àlékúmù, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ọjà o—

ALHAJI: Wàlékúmù sàláàmù. Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

SÀLÍHÀ: Wọ́n wà. Fáànù yín yìí pariwo jù—

ALHAJI: Kí n pa á, kí ooru pa èmi? Ṣé o gbọ́ mi?

SÀLÍHÀ: Mo gbọ́ yín. Mọ́mì ló pè mí. Wọ́n ní ẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé iyọ̀ inú ilé.

ALHAJI: Toh! Ó ti lọ rojọ́.

SÀLÍHÀ: Wọ́n ní ọbẹ̀ ti di omi ìfọwọ́, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já yín níyàn mọ́.

ALHAJI: Pressure ni! Kí wọ́n má bí mi nínú. Dókítà ló sọ ọ́ ní ọsibítù Bantama: "Alhaji, the pressure is high, very high." Mo gbé ojú lọ, wọ́n fi pressure rán mi padà wálé.

SÀLÍHÀ: Ojú òsì tí irin tí wọ́n fi di bélì aṣọ ta bà yẹn?

ALHAJI: Òun náà. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti lọ, ó ti funfun báláú. Ó ku pressure.

SÀLÍHÀ: Ẹ ò ní BP rí. Ṣé apá ni wọ́n so nǹkan mọ́?

ALHAJI: Apá kẹ̀? Ojú ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé. Ayé ọ̀làjú! Wọ́n ti ń ti ojú wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

SÀLÍHÀ: Subhanallahi. Bàbá—

ALHAJI: Mo ń mu omi aáyù láràárọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

SÀLÍHÀ: Ṣé wọ́n fún yín ní oògùn tí ẹ ó máa kán sójú?

ALHAJI: Ìgò kékeré yẹn? Ó wà ní fíríìjì. Mo tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí ojú bá tún pọ́n.

SÀLÍHÀ: Láti ìgbà wo?

ALHAJI: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

SÀLÍHÀ: Adɛn, kí ló dé, Bàbá! Pressure ojú ni! Omi inú ojú ni ò ríbi jáde, ó ń— [ìlà ń já] —pa iṣan tí ẹ fi ń ríran! Èyí tó bá ti kú—

ALHAJI: Ta ló kú?

SÀLÍHÀ: Iṣan ojú! Kì í jí mọ́! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ALHAJI: Má pariwo mọ́ mi, pressure mi á tún ga. Ojú mi dá ṣáká. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ọmọ Kumasi ni ò mọ ìrìn mọ́, gbogbo wọn ló ń kọ lù mí lápá òsì.

SÀLÍHÀ: Lápá òsì?

ALHAJI: Àná, ilẹ̀kùn ilé tiwa gan-an kọ lù mí.

SÀLÍHÀ: Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ṣé iná wà níbẹ̀?

ALHAJI: Gílóòbù méjì ló ń tàn lórí mi.

SÀLÍHÀ: Ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Kí lẹ rí?

ALHAJI: Yoo, ó dáa. Mo ti bò ó. Mo rí— Ẹ gbà mí! Dumsɔ! Wọ́n ti mú iná lọ! Ní ọ̀sán gangan! Àwọn oníná yìí ò ní—

SÀLÍHÀ: Bàbá.

ALHAJI: Ìlú yìí ti bàjẹ́—

SÀLÍHÀ: Bàbá, mo ṣì ń gbọ́ fáànù.

[Fáànù ń ké.]

ALHAJI: Sàlíhà.

[Fáànù.]

ALHAJI: Sàlíhà, ṣé o gbọ́ m—

[Ìlà já.]