Ìgò Gàníyù Kọ́ Ló Wò Mí Sàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, alhamdulillahi! Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ mi ru, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ mi lápá já, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì mẹ́ta ní gáréèjì Upper Iweka, gbogbo agbèrò dọ̀bálẹ̀. Èmi nìkan ni mo ṣì jókòó. Alhamdulillahi.

Gàníyù, má wolẹ̀. Ìwọ ni mo wá bá. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, òun ló ń ta àgbo inú ìgò lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa yìí. Ojú rẹ̀ bí ojú ológbò tó jẹ ẹja onílé. Èmi àti òun ò ní jẹun pọ̀ mọ́ láyé yìí.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo ti ń ta ike. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ sọ oògùn òyìnbó yẹn nù. Ewúro, aáyù àti àlùbọ́sà ló wà nínú ìgò tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, gbogbo rẹ̀ ló ń lé." Mo ní a ó dán an wò. Mo pa oògùn dókítà tì, mo ń mu ìgò. Ràlíátù ìyàwó mi ń mú mi lọ sí kẹ́mísìtì ní Obosi láràárọ̀, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ mi, òun ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Nọ́ńbà ń gòkè. Ràlíátù ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí oògùn yín." Mo pe Gàníyù. Ó ní, "Àìsàn ló ń jáde. Tó bá ń gòkè, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ẹ gbọ́? Bí ilé bá ń jó, Gàníyù á ní òtútù ló ń jáde.

Ọjọ́ kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ìgò bọ́ sí ọjọ́ àsàlátù wa. Wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí dìde. Mo dìde níbí, mo ní ìgò ti wò mí sàn. Mo ka nọ́ńbà fún yín. Ẹ kígbe Allahu Akbar.

Ọjọ́ kẹfà, ife bọ́ lọ́wọ́ òsì mi. Ẹnu mi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aládùúgbò wa ló gbé mi jù sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọsibítù. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan, wò mí títí. "Papa, who tell you make you stop your medicine?"

Mo ní, "Na my brother."

"That your brother, na him wan bury you."

Nígbà tí ara ń yá, ó ní òun ò bá ewé jà. Kí n máa jẹ ọbẹ̀ onúgbù mi, ìyẹn ewúro, kí n dín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n kí ọbẹ̀ má jókòó sáàyè oògùn. Ọlọ́run ṣeun. Ẹnu mi padà sípò. Apá mi tún ń gbé ike.

Mo rò pé ó tán. Àṣé Gàníyù ń fi orúkọ mi polówó ọjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé Ìyá Mùtíù, tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ti da oògùn rẹ̀ sí ṣáláńgá. Mo lọ bá a ní Ogidi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo ní kó padà sí ọsibítù. Ó ní, "Bàbá, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ máa ń parọ́. Ẹ̀rí wo ni kí n gbà, tọjọ́sí ni àbí tòní?"

Ìyá Mùtíù, mo rí ọ lọ́hùn-ún láàrin àwọn obìnrin. Gíláàsì kankan ò fọ́ ní Upper Iweka, irọ́ ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí mo kà níbí lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Ó ti ga ju ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bù ú kù, torí gbogbo yín ń wò mí, ó sì dùn mọ́ mi. Gàníyù ò rán mi. Mo kórìíra rẹ̀, àmọ́ irọ́ yẹn, tèmi ni. Ràlíátù nìyí, ẹ bi í.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú irú wàhálà yìí, kó má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run tó dá mi sí ń bẹ, oògùn sì ń bẹ. Ìyá Mùtíù, kẹ̀kẹ́ ti ń dúró níta. Dìde, jẹ́ ká lọ.