Ẹ Lọ Dúró Níwájú Rẹ̀, Kí Ẹ Tún Un Kí

Alága wa, Bàbá Ezekiel, mo kí yín. Mo kí ẹ̀yin àgbà onílé, ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ pọ̀ ju onílé lọ, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà tí ẹ jókòó pọ̀ lónìí láìjà nítorí gbohùngbohùn. Ọ̀gá wa láti àgọ́ ọlọ́pàá, mo júbà. Ẹ̀yin èèyàn mi ní Àgídìngbì, èmi Olúgbénró, sájẹ́ńtì yín, ni mo dìde láti dágbére.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ti gbé mi káàkiri kí ó tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, nígbà tí àwọn sójà kó ẹrù wọn lọ, tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ ò fẹ́ràn wa nígbà náà. Bí mo bá wọ àdúgbò, àwọn ọmọdé á sá, àwọn àgbà á dákẹ́. N kò bá yín wí, torí bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, èmi náà á sá. Àwọn adigunjalè ń yọ yín lẹ́nu, ẹ̀yin náà sì ń dáná sun ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti pè lólè. Ta ló lè bi òkú bóyá lóòótọ́ ló jalè?

Ìpàdé la fi yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí á máa kí gbogbo àjèjì tó bá wọlé, kí á bi í pé, "Ta lẹ ń wá?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ ó dá a dúró, ẹ ò ní lù ú, ẹ ó ránṣẹ́ pè wá. Àwa náà ṣèlérí pé a ó tètè dé, a ò sì ní dárúkọ ẹni tó pè wá. Ọgbọ́n yín ni o, kì í ṣe tèmi. Olè tí wọ́n bá kí láti ojúlé dé ojúlé máa ń rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Jimoh, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ń dúró kí n lọ tán, kí wọ́n kó àwọn aládàá wá máa ṣọ́ àdúgbò, kí wọ́n má sì pe ọlọ́pàá mọ́. Ọ̀sán ni. Jimoh ru tẹlifíṣọ̀n wọlé. Màmá Stella kí i, kò dáhùn. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kí i, kò wo ẹnì kankan. Ni wọ́n bá figbe ta pé olè ni. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti dè é lọ́wọ́, táyà ti dé láti ìsọ̀ fọ́gánáísà, ẹnì kan sì ti lọ wá bẹntiróòlù. Fọláyọ̀ onídìrí jáde pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, ó sì jókòó lé táyà náà. Wọ́n ní kó dìde. Ó ní, "Ọlọ́pàá la jọ sọ pé a ó máa pè. Ẹ lọ pè wọ́n, kí n tó dìde."

Mọ́tò wa kò ní epo, ẹsẹ̀ la fi sáré wá. Mo bi Jimoh pé ta ló ń wá. Ẹnu mi ló ń wò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ọ́ sókè. Ariwo ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wa ti di mí létí." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé síbí ló ń gbé tẹlifíṣọ̀n náà lọ fún. Láti ibí dé Ìlúpéjú, mélòó ló wà lára wa tí ẹ̀rọ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo kojú ìbọn lọ. Bàbá Ezekiel, ẹ má wolẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ pariwo.

Látìgbà náà lẹ ti fi kún òfin yín: ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ lọ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ tún un kí. Aládàá tí ẹ fẹ́ gbà yẹn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Jimoh wà níbí, òun ló to àga tí ẹ jókòó lé. Fọláyọ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú nǹkan tí o ṣe. Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé yín, kí ó sì ṣọ́ ẹni tó ń kọjá lọ níwájú ilé yín. Lọ́la ni màá dá aṣọ ìjọba padà. Dókítà sì ti sọ fún mi pé etí tèmi náà ti ń di. Màá padà wá kí yín, pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò lásán, bóyá pẹ̀lú iṣu lórí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kò ní mọ̀ mí. Bí ẹ bá kí mi tí n kò dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró níwájú mi, kí ẹ tún mi kí.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.